Kí ni mo lè fi dí ihò sípíkà ẹ̀yìn alùpùpù?

Ẹ ǹlẹ́ o. Mo ti yọ sípíkà ẹ̀yìn méjèèjì kúrò lára Honda Gold Wing mi. Òjò ti bà wọ́n jẹ́, ńṣe ni wọ́n ń hó bí omi ẹ̀bà. Ihò méjì ló wá lanu sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí èrò ẹ̀yìn ń fara tì. Panẹ́bítà kan ní Ṣàgámù ní òun á fi páànù dí i, ṣùgbọ́n ike ni ara ibẹ̀, páànù á sì dípẹtà. Ṣé kí n gé ike pẹlẹbẹ, kí n fi síkúrù dè é sí ojú ti àtijọ́, àbí fáíbà ló dáa jù? Wáyà tó kù ńkọ́, ṣé téèpù tó? Àwọn ọmọ Balógun á gun ẹṣin lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Èmi náà fẹ́ gun tèmi dé Ìjẹ̀bú-Òde láìsí ihò lára rẹ̀.