Ìṣègbèfábo kọ́ ni ká pè é: lórí orúkọ feminist studies ní Yorùbá

Ẹ̀yin ará mi, òkun o.

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ látìgbà tí ọmọ wa obìnrin láti Ìsánlú, nílẹ̀ Òkun wa ní Kogi, ti béèrè pé kí ni òun máa pe kọ́ọ̀sì tí òun fẹ́ lọ kà, ìyẹn feminist studies, ẹ̀kọ́ tó ń wádìí àṣẹ láàárín ọkùnrin àti obìnrin, níwájú bàbá òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá òun, torí wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́ ọ ní Yorùbá dáadáa kí àwọn tó dá owó fọ́ọ̀mù jọ. Àbúrò kan ní ká pè é ní ìṣègbèfábo, pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn onílámèyítọ́ lítíréṣọ̀ ṣe ń kọ ọ́. Ẹlòmíì ní ẹ̀kọ́ nípa obìnrin ti tó. Bàbá wa kan wá ní kò sídìí tá a fi ń wá ọ̀rọ̀ kankan, pé Yorùbá ò fi akọ àti abo ṣe nǹkan kan kí òyìnbó tó dé, pé Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, onímọ̀ nípa àwùjọ, ti là á yé wa nínú ìwé rẹ̀, The Invention of Women, tó jáde ní 1997.

Ìṣègbèfábo ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá jà torí òun ló ń dùn mí jù. Kí ni ṣíṣègbè? Adájọ́ tó bá ṣègbè, ẹjọ́ ẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa gbà á. Ẹ wá fẹ́ kí ọmọ jókòó síwájú àwọn àgbà ilé ẹ̀ kó ní òun ń lọ gba dìgírì nínú ìṣègbè, àwọn yẹn á ti dá a lẹ́bi kó tó ṣàlàyé ẹyọ kan. Àti abo tẹ́ ẹ so mọ́ ọn yẹn náà, ewúrẹ́ àti àgùntàn là ń pè lábo, ta ló ń pe ìyá ẹ̀ lábo? Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ wa ní yunifásítì ti ń lò ó tipẹ́, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó bá ti ń dá ẹni tó ń jẹ́ ẹ lẹ́bi kì í ṣe orúkọ.

Ẹ̀kọ́ nípa obìnrin dáa díẹ̀, kò sì le lẹ́nu. Ó bá Women's Studies mu, irú èyí tí yunifásítì San Diego State bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1970. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nǹkan kan náà nìyẹn, ẹni tó bá sì ń kọ fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, torí àwọn ẹ̀ka kan ń jẹ́ Women's Studies, òmíì Gender Studies, ti UC Santa Cruz ń jẹ́ Feminist Studies, iṣẹ́ tí oníkálùkù gbájú mọ́ ló sì fi ń sọ ara ẹ̀ lórúkọ. Tá a bá ní ẹ̀kọ́ nípa obìnrin, obìnrin ló di ohun tí wọ́n gbé ka iwájú tí wọ́n ń wò. Kò sẹ́ni tó béèrè pé ta ló ń wò ó, tàbí ta ló gbé e síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n mú un wá sílé. Ní 1959, nígbà ìdìbò àpapọ̀, àwọn obìnrin Ìwọ̀ Oòrùn dìbò, ti Ìlà Oòrùn náà dìbò. Àwọn ìyá wa ní Kabba, ní Mopa, ní Ìyàmoyè, ní Ìsánlú ò dìbò. Kí ló dé? Torí Àríwá ni wọ́n kó wa sí, òfin Àríwá ò sì fún obìnrin ní ìbò. Téèyàn bá wọ mọ́tò ní Ìyàmoyè báyìí kò ní pẹ́ tó máa fi dé Ọmùò-Èkìtì, èdè wa ò jìnnà síra wọn, à ń fẹ́ra wa, à ń sin òkú ara wa, ó ṣeé ṣe kí ìyá kan bí ọmọbìnrin méjì kí ọ̀kan lọ lé ọkọ sí Ọmùò kí èkejì wà nílé, èyí tó wà ní Ọmùò á dìbò, èyí tó wà nílé ò ní dìbò. Ó di 1976, lábẹ́ ìjọba ológun, kí obìnrin Àríwá tó ní ẹ̀tọ́ yẹn. Ọdún mẹ́tàdínlógún! Kò sí nǹkan kan nínú ara obìnrin Ìyàmoyè tó yàtọ̀ sí ti Ọmùò. Ààlà tí òyìnbó fà ló yàtọ̀, àtẹni tó jókòó ṣòfin lẹ́yìn ààlà náà. Ohun tí feminist studies ń wádìí gan-an nìyẹn, àṣẹ, ta ló ní in, ta ni wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe ń jà gbà á padà. Ọ̀rọ̀ tí kò bá gba ìtàn ìbò yẹn mọ́ra kò lè gba ẹ̀kọ́ náà.

Bàbá wa tó mẹ́nu kan Oyěwùmí, ẹ ṣeun sà. Mo gbà pé "ó" tá à ń lò kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, mo gbà pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ló máa ń ká wa lára jù. Àmọ́ Ọ̀yọ́ ni obìnrin yẹn dìídì ní òun ń sọ. Tiwa ńkọ́? Ní Ìṣẹ́yìn, ọkùnrin ló ń hun aṣọ òkè. Ní Bùnú, àwọn ìyá ló ń hunṣọ, lórí òfì tó dúró gbọọrọ, aṣọ tí wọ́n ń lò láti ìgbéyàwó dé orí òrìṣà. Ẹ sì dákun, tí eégún bá ń jáde, ta ni wọ́n ń ní kó sá wọlé?

Lójú tèmi, ìmọ̀ ìjàgbara obìnrin ni. Gender Studies á máa jẹ́ ìmọ̀ ipò tọkùnrin-tobìnrin. Mo mọ̀ pé ìjàfẹ́tọ̀ọ́ ni rédíò ń lò, ó dáa fún àwọn tó ń lọ kóòtù, àmọ́ ẹ̀tọ́ inú ìwé òfin nìyẹn, kò sí òfin kankan tó sọ ẹni tó ń fọ abọ́ lẹ́yìn ìpàdé ẹbí, síbẹ̀ a mọ ẹni tó ń fọ̀ ọ́. Ìjàgbara gba méjèèjì. Ẹ ní ìjà inú ẹ̀ máa dẹ́rù ba àwọn bàbá? Ìjà owó orí tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àtàwọn obìnrin Abẹ́òkúta jà títí Aláké fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949, ìjà kọ́ ni? Ta ni kì í fi yangàn láàárín wa?

Tí ẹnì kan bá ní èyí tó dáa jù, kó mú un wá. Mọlará Ògúndípẹ̀, òǹkọ̀wé wa, náà rí i pé wọ́n ń fojoojúmọ́ bá òun jiyàn pé fẹ́mínísíìmù jẹ́ ti òyìnbó, ló bá ṣẹ̀dá Stiwanism tiẹ̀, láti inú Social Transformation Including Women in Africa, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1994. Kò ní kí ọ̀rọ̀ náà má sí.

Ìwọ ọmọ Ìsánlú, kí n tó gbàgbé. Bó bá jẹ́ Amẹ́ríkà lo fẹ́, wo PhD náà, má wo másítà nìkan, torí PhD ni wọ́n sábà máa ń fún lówó, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka sì ń gba ẹni tó ní dìgírì àkọ́kọ́ péré. Púpọ̀ nínú wọn máa ń ti ìlẹ̀kùn láàárín Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kìíní. Kọ̀wé sí wọn kó o tó san owó fọ́ọ̀mù, bóyá wọ́n lè yọ̀ǹda ẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é. Tètè lọ béèrè tiransikiríìpù, kó o sì tètè bẹ àwọn olùkọ́ tó máa jẹ́rìí ẹ. Nínú lẹ́tà tó o máa fi sọ ìdí tó o fi fẹ́ kà á, má kọ pé o fẹ́ràn ọ̀rọ̀ obìnrin, gbogbo èèyàn ló ń kọ ìyẹn, ìbéèrè ni kó o gbé kalẹ̀, irú èyí tó o sọ pé o fẹ́ béèrè nípa àwọn ahunṣọ Bùnú àti owó ọwọ́ wọn. Yunifásítì Makerere ní Ùgáńdà náà ti ní ẹ̀ka tiwọn láti 1991, ó yẹ kó o wò ó.

Ẹ̀yin ọmọ Bùnú tẹ́ ẹ wà níbí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni àwọn ìyá yín ń pe òfì ìnàró yẹn àti igi tí wọ́n fi ń ti òwú mọ́ra? Ọmọ Ìsánlú yẹn fẹ́ lò ó nínú àròkọ tó máa fi ránṣẹ́, kò sì fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́.