Wẹ́ẹ̀jì tuntun: kí lojú yín rí kí ẹ tó yan tiyín?

Bàbá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ kú ìgbádùn o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ń gbá gọ́ọ̀fù. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ ro ẹjọ́ ara mi, kí kálukú wá sọ tiẹ̀.

Wẹ́ẹ̀jì ni igi gọ́ọ̀fù tí ojú rẹ̀ dẹ̀ sẹ́yìn gan-an, tí a fi ń gbé bọ́ọ̀lù sókè nítòsí àsíá; dígírì tí ojú rẹ̀ fi dẹ̀ ni nọ́ńbà rẹ̀. Tòkúnbọ̀ ni wẹ́ẹ̀jì 56 tí mo ti ń lò láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Kó tó dé ọwọ́ mi, ó ti sin ọ̀gá mìíràn. Lóṣù Keje, láàárọ̀ Sátidé kan, mo wà ní nǹkan bí ọgọ́rin yáàdì sí àsíá. Mo gbá a dáadáa. Bọ́ọ̀lù balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò gan-an, àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń pariwo. Ó fò lẹ́ẹ̀kan, ó fò lẹ́ẹ̀kejì, ló bá mú eré pọ̀n bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ kíákíá, ó gba ẹ̀yìn gíríìnì, ojú koríko kúkúrú tí ihò wà, jáde.

Kádì mi, ìyẹn ẹni tó ń bá mi gbé àpò igi, gba igi lọ́wọ́ mi, ó fi èékánná fa ojú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èékánná ò há níbì kankan. Ó ní, "Ọ̀gá, gbogbo ilà ojú ẹ̀ ti parẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gbọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́." Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Mo bá lọ sí Èkó, sí ṣọ́ọ̀bù kan tó ní ẹ̀rọ tó ń ka bí bọ́ọ̀lù ṣe ń yí, torí yíyí yẹn ló ń dá a dúró tó bá balẹ̀. A/C ń fẹ́, kápẹ́ẹ̀tì wà lábẹ́ ẹsẹ̀, inú páálí ni wọ́n ti ń yọ bọ́ọ̀lù tuntun fún mi. Wẹ́ẹ̀jì mẹ́ta ni mo dán wò. Ọ̀kan tó jẹ́ 60, tí abẹ́ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ló gbé nọ́ńbà tó ga jù jáde: yíyí tó lé ní 9,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ọmọ tó ń tajà ní, "Ẹ wò ó, sà, bíi tàwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun." Orí mi wú. Mo sanwó.

Òjò rọ̀ fọ́jọ́ mẹ́rin n'Ìbàdàn lọ́sẹ̀ yẹn. Nígbà tí mo gbé 60 mi dé pápá, ilẹ̀ ti rọ̀ bí ẹ̀bà tí omi pọ̀ jù nínú ẹ̀. Mo fi gbogbo ara jù ú. Igi wọlẹ̀ gbì, bí ìgbà tí àgbẹ̀ sọ ọkọ́ sí poro. Ògúlùtu tó fò sókè jìnnà ju bọ́ọ̀lù lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́jọ́ kan ṣoṣo, mi ò tíì ka ti inú bọ́ńkà, kòtò yanrìn yẹn, o.

Kápẹ́ẹ̀tì ló tàn mí jẹ. Bí igi bá tilẹ̀ kọ́kọ́ kan ilẹ̀ kó tó kan bọ́ọ̀lù, ṣe ló máa ń yọ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, kò ní wọlẹ̀, ẹ ò sì ní mọ̀ pé ẹ ṣìṣe.

Báwo lẹ̀yin ṣe yan tiyín?

KádìÀná

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnáwó.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbé àpò fún ẹlòmíì kí n tó ní tèmi. Orí búráùn ni mo ti kọ́ gọ́ọ̀fù. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ ọ́n: yanrìn tí wọ́n fi epo ẹ́ńjìnnì pò ló dípò gíríìnì, kò sí koríko kankan lórí ẹ̀. Kéèyàn tó pọ́tì, ìyẹn kó tó rọra ta bọ́ọ̀lù sí ihò, kádì á fi pákó fa ọ̀nà bọ́ọ̀lù kó dán. Lórí irú ilẹ̀ yẹn, ẹni tó bá yọ wẹ́ẹ̀jì gíga ń fi owó ṣòfò. Irin nọ́ńbà 8, tí ojú ẹ̀ ò dẹ̀ tó ti wẹ́ẹ̀jì, la máa ń mú, ká jẹ́ kí bọ́ọ̀lù balẹ̀ níwájú, kó máa yí lọ sídìí àsíá. Ìgbà tí mo dé orí gíríìnì olóko ni mo tó mọ̀ pé bọ́ọ̀lù lè balẹ̀ kó dúró.

Ohun tó ṣe yín yìí, báúnsì ni. Ẹ gbé wẹ́ẹ̀jì lé orí símẹ́ǹtì kó dúró gangan, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ wo etí iwájú ẹ̀. Bí ikùn abẹ́ ẹ̀ bá yọ, etí yẹn ò ní kan ilẹ̀, àlàfo á wà. Ikùn yẹn là ń pè ní báúnsì, òun ni kì í jẹ́ kí igi rì. Wọ́n sábà máa ń tẹ nọ́ńbà ẹ̀ sára igi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígírì. Mẹ́rin sí mẹ́fà, ó kéré nìyẹn, ilẹ̀ líle ló wà fún. Méje sí mẹ́wàá, àárín ni. Bó bá ti ju mẹ́wàá lọ, ti ilẹ̀ rírọ̀ àti yanrìn tó jinlẹ̀ ni. Wẹ́ẹ̀jì ọyẹ́ lẹ rà lásìkò òjò!

Kí n má gbàgbé, èèyàn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ jinlẹ̀ nígbà tó bá jù igi nílò báúnsì ju ẹni tó kàn ń gbá ojú koríko lọ. Mi ò mọ bí ẹ ṣe ń jù ú, ṣùgbọ́n látinú ọ̀rọ̀ ògúlùtu yẹn, mo ti fura.

Ìyálóde Houston

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá Ìbejì, ìbéèrè méjì. Ṣé koríko tutù láàárọ̀ tí wẹ́ẹ̀jì àtijọ́ yẹn dójú tì yín? Bọ́ọ̀lù wo lẹ sì fi gbá a?

Ìdí tí mo fi béèrè ni pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi jọ ọ́. Mo gba ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wọn igi fún èèyàn lọ, mo ní kó wá wẹ́ẹ̀jì tó ń yí dáadáa fún mi. Kò tilẹ̀ wo wẹ́ẹ̀jì mi. Ó ní kí n yọ bọ́ọ̀lù tí mò ń lò látinú àpò. Mo yọ ọ́. Bọ́ọ̀lù olówó pọ́ọ́kú ni, èyí tí èèpo ẹ̀ le bí ìkarahun. Ó gbé bọ́ọ̀lù kan fún mi tí wọ́n fi urethane, irú èèpo rírọ̀ kan, bo ẹ̀yìn ẹ̀, ó ní kí n fi wẹ́ẹ̀jì àtijọ́ mi gbá a. Ó yí ju ìgbà tí mo fi wẹ́ẹ̀jì tuntun ọ̀dọ̀ ẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù tèmi lọ! Èèpo rírọ̀ yẹn máa ń di ojú irin mú. Èyí tó le, ṣe ló ń yọ̀ gòkè lójú irin, á gbéra sókè ju bó ṣe yẹ lọ, yíyí ẹ̀ á sì kéré.

Lẹ́yìn náà ló mú ike tí wọ́n fi ń fọ́n omi sí aṣọ tí wọ́n bá fẹ́ lọ̀ ọ́. Ó fọ́n omi sí bọ́ọ̀lù àti sójú wẹ́ẹ̀jì, ó ní, "Ó yá, màmá." Igi kan náà, bọ́ọ̀lù kan náà. Ní gbígbẹ, 8,000 àti díẹ̀. Ní tútù, kò pé 5,000. Nígbà tó kan wẹ́ẹ̀jì tuntun tí ilà ojú ẹ̀ ṣì mú, omi náà dín in kù, àmọ́ kò tó ti àtijọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti lóye iṣẹ́ ilà yẹn. Kì í ṣe ilà ló ń ta bọ́ọ̀lù bí òkòtó. Ojú ọ̀nà àgbàrá ni: ó ń kó omi àti oje koríko kúrò láàárín kí ojú irin lè mú bọ́ọ̀lù. Bí gbogbo ibẹ̀ bá gbẹ, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìyàtọ̀ láàárín ojú aláàbàjà àti ojú bọ̀rọ̀.

Bàbá Ìbejì, Ìbàdàn

Ìyálóde, ẹ ti mú mi. Ìrì ṣì wà lórí koríko, aago méje ò tíì lù. Aṣọ ìnura tó wà lára àpò mi gan-an rin gbingbin. Ní ti bọ́ọ̀lù, àwọn ọmọ tó ń wọ odò lọ ṣà wọ́n ni mo ti ń rà wọ́n. Orúkọ mẹ́fà ló wà nínú bọ́ọ̀lù mẹ́fà.

Olóólà

Ẹ̀yin ẹ ná owó, èmi ní kí n má ná an. Mo rí irin kékeré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń gbẹ́ ilà wẹ́ẹ̀jì tó bá ti parẹ́. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lálẹ́, mo gbé wẹ́ẹ̀jì lé itan, mo sọ ara mi di olóólà. Mo gbẹ́ ẹ, mo tún un gbẹ́. Ìyàwó mi ní, "Ẹ rọra o, ẹ má fi pélé kún un."

Bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lóòótọ́. Èèpo ẹ̀ sì ń họ bí ẹni tí ológbò ya! Nígbà tí ìdíje dé, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ yẹ igi mi wò, ó ní kí n yáa dá a padà sínú mọ́tò. Ọdún 2010 ni R&A àti USGA, àwọn àjọ tó ń ṣòfin gọ́ọ̀fù, ti fi òfin tuntun de bí ilà ṣe lè jìn tó, bó ṣe lè fẹ̀ tó àti bí etí ẹ̀ ṣe lè mú tó lójú igi tó bá tó dígírì 25 sókè. Àwọn tó ń gbá a jẹun ló kọ́kọ́ kàn. Bí lílò bá pa ilà rẹ́, kò sẹ́ni tó máa bá ọ wí. Àmọ́ tó o bá fọwọ́ ara ẹ gbẹ́ ẹ kọjá ìwọ̀n, igi yẹn ò bófin mu mọ́. Orúkọ tí mò ń jẹ́ níbí, ibẹ̀ ni mo ti rí i.

Ará Manchester

Òdìkejì ohun tó ṣe Bàbá Ìbejì ló ṣe èmi. Níbí, láti oṣù Kọkànlá títí dé oṣù Kẹta, ẹrẹ̀ là ń gbá. Mo ra 56 tí báúnsì ẹ̀ jẹ́ 14, ó sì bá mi mu bí ìbọ̀sẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn dé, àwa mẹ́rin wa ọkọ̀ lọ sí Kent, létí òkun, níbi tí koríko ti kúrú tí ilẹ̀ sì le bí títì. Ikùn wẹ́ẹ̀jì mi kan ilẹ̀, ó ta padà sókè, etí iwájú ẹ̀ bá bọ́ọ̀lù láàárín ìbàdí. Bọ́ọ̀lù fò kọjá gíríìnì lọ sínú igbó. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gbé pọ́tà jáde láti ogún yáàdì.

Etí òkun Kent yẹn kan náà, ní pápá Prince's ní Sandwich, ni Gene Sarazen, ará Amẹ́ríkà tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun, ti gba ife Open, ìdíje gọ́ọ̀fù ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1932 pẹ̀lú wẹ́ẹ̀jì yanrìn tó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe. Ó jó irin mọ́ ìdí igi kan títí ẹ̀yìn ẹ̀ fi sọ̀ kalẹ̀ ju etí iwájú lọ. Ó ní ìrù ọkọ̀ òfúrufú tó ń gbéra lòun wò tóun fi ronú kàn án. Wọ́n ní ṣe ló ń dojú ẹ̀ délẹ̀ sínú àpò kí àwọn aláṣẹ má bàa rí i. Púpọ̀ nínú báúnsì tí à ń jiyàn lé lórí lónìí, látinú bọ́ńkà ọkùnrin yẹn ló ti wá. Inú yanrìn ló ti lò ó o, kì í ṣe orí ilẹ̀ líle bíi tèmi.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ jọ̀ọ́, wẹ́ẹ̀jì tí wọn ò kun, tó máa ń dípẹtà, ṣé ìpẹtà yẹn máa ń jẹ́ kó yí sí i?

KádìÀná

Àbúrò, ẹwà ni. Kì í kọ mọ̀nà sójú ẹni nínú oòrùn, ìyẹn dáa. Bó o bá fẹ́ yíyí, aṣọ ìnura gbígbẹ kan àti búrọ́ọ̀ṣì eyín àtijọ́ ni kó o wá, kó o máa fi nu ojú wẹ́ẹ̀jì ẹ.

Bàbá Ìbejì, Ìbàdàn

Mo ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Mo yá 56 méjì lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́: báúnsì ọ̀kan jẹ́ 8, ti èkejì jẹ́ 12. Mo fi 60 mi àti àtijọ́ kún un. Mo ra páálí bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, orúkọ kan náà, èèpo rírọ̀. Aago méje àárọ̀ la bẹ̀rẹ̀, nínú ìrì, nítorí ìgbà yẹn ni mo máa ń gbá a. Bọ́ọ̀lù mẹ́wàá fún igi kọ̀ọ̀kan láti ogójì yáàdì. Kádì dúró lórí gíríìnì pẹ̀lú ìdì ọwọ̀ lọ́wọ́. Ibi tí bọ́ọ̀lù bá balẹ̀ sí, á na ẹyọ ọwọ̀ kan síbẹ̀, á wá fi ẹsẹ̀ ka ìgbésẹ̀ dé ibi tó dúró.

Àtijọ́ ń lọ ìgbésẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án. Nígbà tí 60 bá gbá a mọ́, ìgbésẹ̀ méjì péré, kádì á ní "Háà!" Àmọ́ mẹ́rin nínú mẹ́wàá ò dé gíríìnì rárá. Àwọn 56 méjèèjì ń dúró ní bíi mẹ́rin, mẹ́rin ààbọ̀. Èyí tí báúnsì ẹ̀ jẹ́ 8 rì lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó jẹ́ 12 ò rì rárá, gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wà lórí gíríìnì. Nínú bọ́ńkà, ó yọ mẹ́sàn-án jáde, 60 yọ mẹ́rin. Nínú koríko gíga, kò sí èyí tó mú bọ́ọ̀lù dúró nínú wọn, ká má purọ́.

56 tó ní báúnsì 12 ni mo rà. Mo tún rí nǹkan mìíràn: wẹ́ẹ̀jì tó bá àwọn irin mi wá jẹ́ dígírì 44. Dígírì méjìlá ló wà láàárín òun àti 56! Abájọ tí mo fi máa ń fi agbára dí àlàfo yẹn láti ọgọ́rùn-ún yáàdì. Mo ra 50 sí i, mo yọ irin 3 tí mi ò mọ̀ ọ́n gbá kúrò nínú àpò, kí igi má lé ní mẹ́rìnlá tí òfin gbà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ lè ta 60 yẹn fún mi? Pápá Lákowé, l'Ékòó, ni mo ti ń gbá bọ́ọ̀lù.

Bàbá Ìbejì, Ìbàdàn

Ká sọ pé lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn lo béèrè, ọ̀fẹ́ ni ǹ bá fún ẹ. Lánàá ni mo ya ibi tí oòrùn máa ń gbẹ kíákíá, lẹ́yìn ihò kẹfà, mo gbá bọ́ọ̀lù márùn-ún pẹ̀lú ẹ̀. Jẹ́ kí ọyẹ́ kọjá ná.