Ọ̀nà wo ni mo lè gbà mú kí àwọn ọmọ iléèwé fẹ́ràn ìwé Yorùbá àtijọ́ níbi àjọ̀dún àdúgbò?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, lágbègbè Òkè Mápó, n'Ìbàdàn. Àwọn àgbà àdúgbò fún mi ní wákàtí 2 níbi àjọ̀dún wa tó ń bọ̀, kí n fi mú àwọn ọmọ sún mọ́ ìwé àtijọ́. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ ni mo mú, èyí tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1938.

Lọ́dún tó kọjá, a fi páálí ṣe ìbòjú, a fi ẹfun àti osùn kùn ún. Ọmọkùnrin kan tí kì í ka ìlà méjì láìkọsẹ̀ ló ṣe Kàkó oníkùmọ̀ ẹkùn, ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ inú ìwé náà. Ó na ọmọrogùn ìyá rẹ̀ sókè, ó bú ramúramù, gbogbo èrò pa lọ́lọ́. Omi bọ́ lójú mi. Àmọ́ nígbà tí eré parí tí mo na ìwé sí i, ó ṣí i, ó wo àwọn gbólóhùn gígùn yẹn, ó rọra pa á dé, ó sì dá a padà fún mi.

Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Mo ń rò ó pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìpínrọ̀ kan, kí ó kà á sókè bí ẹni ń sun rárà, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ já ìtàn náà sí wẹ́wẹ́.

Ta ló ti ṣe irú rẹ̀ rí? Ṣé ìwé ni kó ṣáájú ni àbí eré? Ẹ̀dà 4 péré ni mo ní fún ọmọ 38. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ èyí tó bọ́ sí i fún yín, àti èyí tí kò bọ́ sí i.