Ìpara ọ̀fẹ́ tí wọ́n gbé fún wa: ṣé dandan ni ká kọ ọ́ sílẹ̀?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ará. Ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àwa mẹ́rin là ń ṣe ìwádìí làpálàpá orí láàárín àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo kéré jù. Iléeṣẹ́ kan gbé páálí ìpara mẹ́fà fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀gá wa ti lọ sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé wọn lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ni wọ́n san owó ọkọ̀ àti hòtẹ́ẹ̀lì. Iṣẹ́ ti fẹ́ lọ sí jọ́nà, ìyẹn ìwé tó ń tẹ àbájáde ìwádìí jáde, ọ̀gá ní kí n kọ "kò sí" síbi tí wọ́n ti béèrè ẹni tó ràn wá lọ́wọ́, pé kò sẹ́ni tó fún wa lówó. Ọkàn mi ò balẹ̀.

Ìyá Bọ̀dé: Ṣe bí ọ̀gá ẹ ti wí, jàre. Ìpara lásán-làsàn!

Bàbá Olùwádìí: Ẹ má ṣì í lọ́nà o. Fọ́ọ̀mù ICMJE, ìyẹn ti ìgbìmọ̀ àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn, tí ọ̀pọ̀ jọ́nà ń lò, kì í béèrè owó nìkan. Òògùn ọ̀fẹ́ wà níbẹ̀, ẹ̀rọ, owó ọ̀rọ̀ sísọ, owó ìrìn àjò, ìpín ìdókòwò. Ohun tó bá kan iṣẹ́ yìí gan-an ò ní gbèdéke àkókò. Èyí tí kò kan iṣẹ́ yìí ni wọ́n fi mọ sí oṣù 36 sẹ́yìn. Olúkúlùkù ló ń kọ tiẹ̀. Rọra lọ bá ọ̀gá: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n béèrè òògùn ọ̀fẹ́ níbí, kí ni ká kọ?" Kíkọ ọ́ ò sọ yín di olè.

Ọmọ Ìjẹ̀bú l'Ámẹ́ríkà: Lọ́dọ̀ wa níbí, oúnjẹ tí iléeṣẹ́ òògùn rà fún dókítà pàápàá ń hàn lórí Open Payments, ìkànnì ìjọba tó ń fi ohun tí iléeṣẹ́ fún dókítà hàn. Láti 2014 ni. Mo ti yẹ dókítà awọ ara mi wò níbẹ̀ rí, ẹnu yà mí.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Èmi ò tíì kúrò lórí làpálàpá. Ti orí kì í gbọ́ ìpara nìkan. Inú irun ló ń wọ̀ lọ, ìpara ò lè débẹ̀. Òògùn mímu bíi griseofulvin la fi ń wò ó, ó sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Kí lẹ wá fi ìpara yẹn wé?

Oníbéèrè: Ìpara míì ni, mà.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Ta ló ní kẹ́ ẹ má fi òògùn mímu sí i?

Oníbéèrè: Háà. Iléeṣẹ́ yẹn ló kọ ètò ìwádìí náà wá fún ọ̀gá.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Ìyẹn gan-an ni kó o kọ́kọ́ kọ, kó o tó kan páálí ìpara.