Vape ní Adó: ṣé ìjọba ni kó ṣòfin, àbí ká jẹ́ kí àwọn tó ń tà á máa ṣọ́ ara wọn?

TíṣàÌjigbò

Ẹ ǹ lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ kan ní Adó-Èkìtì fẹ́ kọ̀wé lórí vape, sìgá oníbátìrì tí wọ́n ń pàtẹ mọ́ ṣájà àti báàgì fóònù báyìí. Àwọn ọlọ́jà kan ti gbọ́ fìnrín, wọ́n sì ti gbé ìwé àdéhùn wá: àwọn ò ní tà fún ọmọdé, àwọn ò ní pàtẹ rẹ̀ sójú títì, kí ìjọba ṣáà má dá sí i. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ní ó tó bẹ́ẹ̀. Àwọn yòókù ní àfi òfin.

Ṣé òfin tábà tó wà nílẹ̀ kò ti kó o mọ́ra ni? Níbi tí wọ́n ti jẹ́ kí ilé iṣẹ́ máa ṣọ́ ara rẹ̀, ibo ló já sí? Yálà òfin ni o tàbí àdéhùn, kí ni ká kọ sínú rẹ̀ gan-an, pẹ̀lú iye àti ìwọ̀n? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wàásù fún wa. A ti mọ̀ pé kò dáa fún ọmọdé.

AmòfinỌ̀yẹ́

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Òfin ìṣàkóso tábà ti ọdún 2015 àti àwọn ìlànà rẹ̀ ti 2019, ọ̀pá sìgá ló wà lọ́kàn àwọn tó kọ wọ́n. Ẹ wo ohun tí wọ́n fi ń wọn nǹkan níbẹ̀: páálí sìgá kò gbọdọ̀ dín ní ọ̀pá 20, a kò gbọdọ̀ tú u tà ní ẹyọ, a kò gbọdọ̀ tà á fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Ọ̀pá mélòó ló wá wà nínú mílílítà 10 omi vape?

Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà ni ìtumọ̀. Àdéhùn àgbáyé lórí tábà tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ṣe ní 2003, tí Nàìjíríà wọ̀ ní 2005, sọ pé ọjà tábà ni ohun tí wọ́n fi ewé tábà ṣe, ì báà jẹ́ odindi ì báà jẹ́ díẹ̀, tí èèyàn ń fà, tó ń lá, tó ń jẹ lẹ́nu tàbí tó ń fín sí imú. Sìgá wọlé, áàṣà wọlé. Nikotíìnì, èròjà inú tábà tó ń di bárakú, tí wọ́n fún jáde lára ewé, agbẹjọ́rò tó mọṣẹ́ lè jà á wọlé. Èyí tí wọ́n pò ní yàrá ìwádìí láìfọwọ́ kan ewé rárá ńkọ́? Ihò yẹn ni Puff Bar, ilé iṣẹ́ vape kan, gbà ní Amẹ́ríkà ní 2021. Ó ní nikotíìnì tòun kì í ṣe ti tábà, nítorí náà FDA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣàkóso oúnjẹ, oògùn àti tábà, kò lágbára lórí òun. Oṣù kẹrin 2022 ni òfin tuntun tó dí i níbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nítorí náà, ẹ má kọ "ọjà tábà" sínú ìwé yín. Ẹ kọ "ohunkóhun tó ní nikotíìnì, níbikíbi tí wọ́n ti rí i, àti ohun èlò tí a fi ń fà á".

Ẹ tún mọ ilẹ̀kùn tí ẹ máa kàn. Ìwọ̀n nikotíìnì àti ẹrù tó ń gba ibodè wọlé, ti Àbújá ni: SON tó ń ṣọ́ ìwọ̀n ọjà, NAFDAC tó ń ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn, FCCPC tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ oníbàárà, àti aṣọ́bodè. Ṣùgbọ́n Àtẹ Kẹrin nínú ìwé òfin 1999 fún ìjọba ìbílẹ̀ lágbára lórí ṣọ́ọ̀bù, ìsọ̀ àti pátákó ìpolówó. Ẹ má lọ bá káńsù pé kó wá máa ka mílígíráàmù. Ibi tí wọ́n ti ń tà á, ohun tí wọ́n ń pàtẹ sójú títì àti bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí ilé ìwé tó, ìyẹn lẹ lè béèrè lọ́wọ́ káńsù Adó láìdúró de Àbújá.

Ọlọ́jàÒkèṣà

Ẹ̀gbọ́n Amòfin, mo kí yín. Ẹ jẹ́ kí ọjà náà sọ tirẹ̀.

Láti 2015 ni òfin ti ní ká má ta sìgá ní ẹyọ. Ẹ dé gáréèjì èyíkéyìí ní Èkìtì, ẹ bèèrè ẹyọ kan, wọ́n á ti fún yín kí ẹ tó panu dé, wọ́n á tún fi iná sí i fún yín. Òfin wà, ta ló ń ṣọ́ ọ? Ẹgbẹ́ ọjà lè ti ìsọ̀ èèyàn pa láàárọ̀ yìí, tí kò ní sí ẹjọ́, tí kò ní sí lọ́yà. Ìyálọ́jà kan wúwo ju lẹ́tà mẹ́wàá láti Àbújá lọ.

Tí wọ́n bá sì fòfin dè é pátápátá, inú báàgì ló máa wọ̀, wọ́n á máa polówó rẹ̀ lórí WhatsApp, ọ̀kadà á máa gbé e dé ẹnu ọ̀nà họ́sítẹ́ẹ̀lì. Àwọn tó kú ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2019 síbẹ̀rẹ̀ 2020, èèyàn 68, tí 2,807 sì dé ọsibítù, kí ló ṣe wọ́n? Omi igbó tí wọ́n rà lẹ́yìnkùlé, tí ẹni tó pò ó fi òróró fítámì E là, ló pọ̀ jù níbẹ̀. Kì í ṣe ohun tó wà lórí àtẹ ṣọ́ọ̀bù. Ẹ lé e kúrò lójú táyé, ẹ ò ní rí ohun tí wọ́n ń pò mọ́ ọn mọ́.

ApògùnAdó

Ọlọ́jà, o ṣeun. Ti 2019 yẹn, bó o ṣe sọ ọ́ náà ni. Ti ẹgbẹ́ ọjà ni mo fẹ́ bi ọ́ sí. Ẹgbẹ́ máa ń bá ẹni tó tẹ kóńgò jà, torí ó ń ba orúkọ gbogbo ìsọ̀ jẹ́, ó sì ń gba oníbàárà ẹlòmíì. Ẹni tó ta vape fún ọmọ ọdún 15, ta ló pa lára nínú ẹgbẹ́? Ibi tí àǹfààní ẹgbẹ́ àti ti ìlú bá ti pàdé, ẹgbẹ́ á ṣọ́ ọ dáadáa. Níbi tí wọn ò bá ti pàdé, ọ̀bọ lẹ ní kó ṣọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Tíṣà, ìwọ̀n tí ẹ béèrè nìyí. Ohun mẹ́rin ló wà nínú omi náà: propylene glycol, glycerin, nikotíìnì àti adùn. Òwú ló ń fa omi náà, wáyà kékeré tí bátìrì ń mú gbóná ló ń sọ ọ́ di oru. Ara páálí ni kí ẹ ti ka nikotíìnì. "5%" túmọ̀ sí mílígíráàmù 50 nínú mílílítà kan. "2%" jẹ́ 20. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti 2014, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2016, kò gbà kó kọjá 20 nínú mílílítà kan, ilé omi inú ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ kọjá mílílítà 2, ìgò àfikún kò gbọdọ̀ kọjá 10, ìdérí gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ọmọdé ò lè ṣí, ìkìlọ̀ sì gbọ́dọ̀ gba 30% iwájú àti ẹ̀yìn páálí. Ẹ ṣírò rẹ̀: 2 lọ́nà 20 jẹ́ mílígíráàmù 40. Èyí tó jẹ́ mílílítà 10, tí wọ́n kọ 5% sí lára, mílígíráàmù 500 ló wà nínú rẹ̀. Ìlọ́po méjìlá àti ààbọ̀. Ọ̀pá sìgá kan, nǹkan bíi mílígíráàmù 1 sí 2 ló ń wọnú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó fà á.

Kí ló dé tí 50 ò ta ọmọ lọ́fun? Nikotíìnì lásán ní ìwọ̀n yẹn ì bá ta á gan-an, á wúkọ́, á sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n wọ́n ń fi ásíìdì, pàápàá benzoic acid, sọ ọ́ di iyọ̀, ó sì ń lọ tìnrín. Ìkọ́ tí ì bá ṣọ́ ọmọ náà ni wọ́n yọ kúrò yẹn.

Àwọn tó ń tà á á tún ní adùn inú rẹ̀ ni wọ́n ń fi sínú oúnjẹ, kò léwu. Inú ikùn ni wọ́n ti dán an wò, kì í ṣe inú ẹ̀dọ̀fóró. Diacetyl ló ń fún gúgúrú ní òórùn bọ́tà. Àwọn tó ń jẹ gúgúrú náà ò ní ìṣòro. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń fa oru rẹ̀ símú lójoojúmọ́ ni ọ̀nà èémí wọn dí. "Ti oúnjẹ ni" kò lè dúró fún ẹ̀rí nínú àdéhùn yín.

AmòfinỌ̀yẹ́

Mo fẹ́ dáhùn ibi tí Tíṣà ti béèrè ibi tó já sí. Ọdún 1964 làwọn tó ń ṣe sìgá ní Amẹ́ríkà fúnra wọn kọ ìlànà ìpolówó, wọ́n ní àwọn ò ní lo ẹni tí kò tó ọdún 25 nínú ìpolówó, àwọn ò ní dojú kọ ọmọdé. Sìgá ò kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n wọn títí òfin fi yọ ọ́ ní oṣù kìíní 1971.

Ti vape náà kò jìnnà sí i. Oṣù kọkànlá 2018, nígbà tí FDA ti ń fúngun mọ́ ọn, Juul, ilé iṣẹ́ vape ní Amẹ́ríkà, ní òun ò ní kó adùn èso lọ sí ṣọ́ọ̀bù mọ́, ó sì pa Facebook àti Instagram rẹ̀ ní Amẹ́ríkà dé. Ó ṣẹ́ adùn mint kù sórí àtẹ. Àwọn ọmọ bá kọjú sí mint. Ó di oṣù kọkànlá 2019 kó tó dáwọ́ ìyẹn náà dúró. Lẹ́yìn náà ló gbà láti san nǹkan bíi mílíọ̀nù 438 dọ́là fún àwọn ìpínlẹ̀ tó lé ní ọgbọ̀n, 2022 nìyẹn.

Kí Ọlọ́jà má bàa ní ìjọba nìkan ni mò ń gbè lẹ́yìn: ìbẹ̀rẹ̀ 2020 ni FDA sọ pé kí wọ́n kó adùn èso kúrò nínú èyí tí wọ́n ń pààrọ̀ ilé omi rẹ̀, ó sì yọ èyí tí wọ́n ń fà tán tí wọ́n ń sọ nù sílẹ̀. Ibẹ̀ làwọn ọmọ tún gbà. Ìjọba ló lu ihò yẹn fúnra rẹ̀.

Nílé níbí, oṣù kejìlá 2023 ni FCCPC parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú British American Tobacco, ilé iṣẹ́ sìgá, owó ìtanràn náà sì jẹ́ mílíọ̀nù 110 dọ́là. Àwọn oníṣẹ́ ìṣàkóso wa ní eyín tí wọ́n bá fẹ́ gé nǹkan jẹ.

OníwáyàBásírì

Ẹ má gbàgbé bátìrì. Níbẹ̀ làwọn ilé iṣẹ́ ti ń ṣọ́ ara wọn dáadáa, torí èyí tó bá bú gbàmù lẹ́nu oníbàárà yóò ná wọn lówó. Lithium ni, fólítì 3.7, tó bá kún á dé 4.2. Ojúlówó máa ń ní bọ́ọ̀dù kékeré tó ń gé iná bí èèyàn bá fà á pẹ́ jù tàbí tí wáyà bá kanra. Ayédèrú ò ní in. Tí omi bá gbẹ tí iná ò gé, òwú á jó, glycerin á sì di acrolein àti formaldehyde, gáàsì olóró méjì. Ọ̀fun á ta bí ìgbà tí epo jóná nínú agbada.

Èyí tí wọ́n ń sọ nù pàápàá, bátìrì inú rẹ̀ kò tíì kú. Ẹ bá sọ ọ́ sí ààtàn tí wọ́n ń finá sun, ó lè bú. Wàhálà pàǹtí yìí wà lára ohun tó mú kí Gẹ̀ẹ́sì fòfin de èyí tí wọ́n ń fà sọ nù láti ọjọ́ 1 oṣù kẹfà 2025. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn yín: ẹni tó bá tà á gbọ́dọ̀ gba òkú rẹ̀ padà, kó fi téèpù bo ẹnu bátìrì, kó tọ́jú rẹ̀ sínú ike tó ní iyanrìn gbígbẹ, kó jìnnà sí oòrùn.

TíṣàÌjigbò

Ẹ ṣeun gan-an. Ó ku ẹyọ kan: báwo la ṣe máa mọ̀ pé wọn ò tà fún ọmọdé? Gbogbo wọn ló máa ní àwọn ń bèèrè NIN.

AmòfinỌ̀yẹ́

Ìdánwò ìrajà ni wọ́n ń pè é. Ẹ mú ọmọ ọdún 15 tàbí 16 tí ojú rẹ̀ jọ ọjọ́ orí rẹ̀, kí òbí rẹ̀ fọwọ́ síwèé. Àgbàlagbà méjì á wà nítòsí. Ọmọ náà á bèèrè ọjà, kò ní bẹ̀, kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ. Bí wọ́n bá bi í ní ọdún rẹ̀, òótọ́ ni kó sọ. Tí wọ́n bá tà á, àgbàlagbà á gba ọjà náà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n á kọ aago, ọjọ́ àti ìsọ̀ sílẹ̀, wọ́n á dì í, wọ́n á fọwọ́ sí i. Ẹ má ṣe é fúnra yín láìsọ fún káńsù àti ọlọ́pàá, torí ọ̀rọ̀ lè yí padà lé yín lórí. Kí ẹni tó ń dán an wò má sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ọjà, kó má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Àdéhùn tí ẹni tó fọwọ́ sí i náà bá ń máàkì ara rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa féèlì.

ApògùnAdó

Kí wọ́n tún lẹ èyí mọ́ gbogbo ìsọ̀ tó ń ta omi inú ìgò: tó bá dà sí ara, ọṣẹ àti omi púpọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí nikotíìnì ń gba awọ ara wọlé. Tí ọmọdé bá gbé e mu, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fi ìka mú un bì. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù tòun ti ìgò náà, kí dókítà lè ka iye tó wà lára rẹ̀. Èébì, itọ́ tó ń dà àti awọ ojú tó funfun ló sábà máa ń ṣáájú, gìrì lè tẹ̀lé e.

Ọlọ́jàÒkèṣà

Mo gba ti ìdánwò yẹn, mo gba ti gbígba òkú bátìrì. Bí ẹ bá fẹ́ kọ 2% ti ilẹ̀ Yúróòpù sínú àdéhùn, ìyẹn ló le. Èyí tó pọ̀ jù lórí àtẹ báyìí, 5% ni, wọ́n ti sanwó rẹ̀ fún alágbàtà l'Ékòó, kò sì ní gbà á padà. Ẹ fún wa ní oṣù mẹ́fà ká fi tà á tán.

TíṣàÌjigbò

Fún àgbàlagbà nìkan, lẹ́yìn káńtà, láìpàtẹ? Oṣù mẹ́fà ti pọ̀ jù. Mẹ́ta ni mà á gbé lọ sí ìpàdé, ẹ wá bá wọn ná an níbẹ̀.