Kọ́ìnì wo ló ṣeé gbẹ́ àwòrán sí lára?

AbẹÒlúmọ: Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń rí àwọn òyìnbó lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń fọwọ́ gbẹ́ kọ́ìnì àtijọ́, orí tó wà lára ẹ̀ á di bàbá onírùngbọ̀n tó dé fìlà, òmíì á di agbárí òkú, ó wù mí gan-an. Mo bá mú náírà kan onírin ti 1991, èyí tó ní Herbert Macaulay, mo ní kí n dé e ní abetí ajá, mo fi ìṣó kọnkéré tí mo pọ́n lẹ́nu gbẹ́ ẹ títí, ńṣe ló ń yọ̀, ó tún gún mi lọ́wọ́. Ṣé ọwọ́ mi ni àbí kọ́ìnì? Ónínì àti tọ́rọ́, àwọn owó ayé òyìnbó, kún agolo mílíìkì màmá wa àgbà, ṣé kí n lọ bù ú níbẹ̀?

Alágbẹ̀dẹWúràKútọ̀: Kọ́ìnì ni jàre. Gbé mágínẹ́ẹ̀tì sún mọ́ ọn, á lẹ̀ mọ́ ọn gbà, irin ni, nickel ni wọ́n kàn fi bò ó lójú. Kọ́ìnì 5 sẹ́ǹtì Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní nickel ni tàwọn tó o rí yẹn, wọ́n ṣe é láti 1913 dé 1938, bàbà kó 75 nínú 100 ẹ̀, ó rọ̀. Orí ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà tó wà níwájú ẹ̀ tóbi, ààyè wà láti dárà, ìyẹn làwọn alárìnkiri ayé ọjọ́un tó ń fò mọ́ reluwé wáṣẹ́ kiri fi ń gbẹ́ ẹ, tí wọ́n á fi gba oúnjẹ. Hobo nickel ni wọ́n ń pè é. Tó o bá máa gbẹ́, yọ́ ọ̀dà sórí pákó, tẹ kọ́ìnì bọ̀ ọ́, jẹ́ kó gan. Tó o bá fẹ́ kó ilà kọrọdọ, pákó ni wàá máa yí o, má yí irin tó o fi ń gbẹ́ ẹ. Tó o bá ṣe tán, fi pọ́líìṣì bàtà dúdú ra á, nù ún, ilà á yọ síta.

Lọ́yàPańṣẹ́kẹ́: Ẹ rọra o! Òfin CBN ti 2007, abala 21, kò yọ kọ́ìnì sílẹ̀, wọ́n dárúkọ gbígbẹ́ nǹkan sí i lára gan-an. Ẹ̀wọ̀n oṣù 6 ó kéré tán, tàbí owó ìtanràn 50,000 náírà ó kéré tán, tàbí méjèèjì (a sì ń ná owó lóde àríyá lójoojúmọ́, ẹ má dá mi lóhùn). Fi Macaulay sílẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ British West Africa sí lára, West African Currency Board, àjọ tó ń ṣe owó láyé òyìnbó, ló ni ín, kì í ṣe CBN. Ti 1959 tí wọ́n kọ Federation of Nigeria sí, èmi ò ní fọwọ́ kàn án.

ÌyáAládìrẹ: Ónínì àti kọ́bọ̀ oníhò ò lórí ọba, ìràwọ̀ ló wà lára wọn, àfi kó o sọ ihò ẹ̀ di ẹnu. Tọ́rọ́ George kẹfà, 1938 sókè, ló lórí tó ṣeé lò. Tó o bá rí EDWARDVS VIII, 1936, jọ̀ọ́ fi sílẹ̀, ọba yẹn ò lò tó ọdún kan lórí oyè, wọn ò ná owó tiẹ̀ nílùú òyìnbó pàápàá. Ó sì tún kù o, ṣé o ti bi màmá? Èmi gbẹ́ tọ́rọ́ kan láìsọ, mo fẹ́ fi ṣe yẹtí, àṣé owó ìsọmọlórúkọ bàbá mi ni. Ọ̀sẹ̀ méjì ni màmá ò fi dá mi lóhùn.

AbẹÒlúmọ: Háà. Mo ti lọ bi wọ́n. Wọ́n ní kí n mú tọ́rọ́ márùn-ún, mágínẹ́ẹ̀tì ò mú ìkankan. Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kan èyí tí wọ́n dì sínú aṣọ pupa nísàlẹ̀ agolo. Mi ò bi wọ́n pé kí ló dé.