Níbo ni kí ojúlówó ìwé ilẹ̀ wà bí omíyalé bá dé?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé wa kò jìnnà sí odò Ògùnpa n'Ìbàdàn, omi 1980 àti ti 2011 ò sì tíì kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni ládùúgbò. Ìwé tó ń kó wa láyà sókè ni C of O (ìwé ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni), ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ àti rìsíìtì.

A ti ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ pamọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀dà sì wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n wa l'Ábẹ́òkúta. A ò fẹ́ láminéètì ojúlówó rárá: ooru ẹ̀rọ náà máa ń sọ rìsíìtì POS di dúdú, òǹtẹ̀ ò sì ṣeé lù sórí ọ̀rá. Àpótí irin lásán máa ń dípẹtà. Ìpẹtà á lẹ̀ mọ́ etí ìwé, pupa rúsúrúsú, kò ní ṣí mọ́. Èyí tí iná kì í jó náà máa ń mú ọ̀rinrin, torí náà ọ̀rá onísíìpù méjì, ọ̀kan nínú èkejì, la fi wé ìwé, pẹ̀lú silica gel, hóró tó ń fa ọ̀rinrin mu.

Ìbéèrè mi: ṣé ká gbé ojúlówó C of O lọ sí báńkì ni, àbí kó wà nínú àpótí tí iná kì í jó yìí lókè àjà?

Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ṣáájú.